Afárá Jẹ́bà àti okùn iṣẹ́ tó gùn jùlọ

Bí ìjọba bá kéde iṣẹ́ ńlá kan, iye owó ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò parí. Ìbéèrè kẹta kò wọ́pọ̀: nínú àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó wà nínú iṣẹ́ ńlá náà, èwo gan-an ló di ọjọ́ ìparí mú? Àwọn ará Awo, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, ní ìdí láti béèrè bẹ́ẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn ni Ìdó-Ọ̀ṣun wà, níbi tí iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012, tí ọdún mẹ́wàá sì kọjá lórí rẹ̀ láìparí. Ṣùgbọ́n ojú irin tó gba Ẹdẹ kọjá, tí kò jìnnà sí wọn, ti kọ́kọ́ fi ìdáhùn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé kíkọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìpìlẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ 2, ògiri gba ọ̀sẹ̀ 5, òrùlé gba ọ̀sẹ̀ 3. Ọ̀kan kò lè ṣáájú èkejì, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 10 ni. Ṣálángá ẹ̀yìnkùlé gba ọ̀sẹ̀ 4, kò sì dúró de ìkankan nínú wọn. Bí ẹni tó ń gbẹ́ ṣálángá bá lọ sìnkú fún ọ̀sẹ̀ 2, ọjọ́ ìparí kò yẹ̀. Bí bíríkìlà bá pa ọjọ́ kan jẹ, ọjọ́ kan náà ni onílé yóò fi pẹ́ wọlé. Onílé tó bá wá ń fi owó kún owó kí ṣálángá lè tètè parí, inú ṣálángá náà ni ó ń da owó rẹ̀ sí.

Okùn ìpìlẹ̀, ògiri àti òrùlé yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní critical path. Ní 1957 ni Morgan Walker ti ilé-iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand ní Amẹ́ríkà ṣe ìlànà ìṣirò rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ojú irin ní ilẹ̀ wa kò ní ìlànà náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni wọ́n bá pàdé.

Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní Èkó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn. Ó gba Ẹdẹ dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Níbẹ̀ ni Odò Ọya ti dá a dúró. Bí Kánò bá ní láti dúró de ojú irin láti Èkó, kí ojú irin náà sì dúró de afárá, ìdúró ńlá ni.

Ọgbọ́n méjì ni wọ́n dá sí i. Wọn kò jẹ́ kí Kánò dúró de Èkó: láti 1907, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn láti Bárò, létí Odò Ọya, níbi tí ọkọ̀ ojú omi lè kó irin àti ẹ̀rọ dé. Ọ̀nà náà wọ Kánò ní 1911. Ní Jẹ́bà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé rélùwéè sọdá, iṣẹ́ sì ń lọ ní òdìkejì títí ojú irin Èkó fi bá ti Bárò pàdé ní Mínà. Afárá náà ṣì ṣòro, ó sì ṣì pẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń di ọjọ́ ìparí mú mọ́. Iṣẹ́ tó le jùlọ àti iṣẹ́ tó ń dá gbogbo iṣẹ́ dúró kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ aláṣẹ ti ń ṣìnà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n nìkan ló yá iṣẹ́ náà. Ní ọ̀nà Bárò sí Kánò, ìjọba gba ọwọ́ àwọn ẹ́míà kó òṣìṣẹ́ jọ, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì fi tinútinú wá. Ìyára tí ìwé ìjọba ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ló wà.

Ní 1912, ọ̀nà méjèèjì bọ́ sábẹ́ àkóso kan. Òwú ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń retí láti Kánò. Ẹ̀pà ló dé, ó sì dé ní yanturu. Ní 1916 ni afárá Jẹ́bà tó parí, tí rélùwéè sì ń sáré kọjá lórí odò. Bárò, tí wọ́n fi dá ìdúró náà, kò rí èrè pípẹ́ níbẹ̀: ọjà Àríwá gba Jẹ́bà, Ìlọrin, Òṣogbo àti Ẹdẹ kọjá lọ sí Èkó, èbúté rẹ̀ sì dá páropáro.