Ẹrù Tó Ju Ọkọ̀ Lọ: Ìtàn Àwọn Awakọ̀ Red Ball Express

Nígbà tí ogun àwọn ará Amẹ́ríkà já gba Normandy ní ilẹ̀ Faransé kọjá ní ọdún 1944, tí wọ́n sì ń lé àwọn ará Jámánì lọ láìwẹ̀yìn, kì í ṣe ìbọn ọ̀tá ni ó kọ́kọ́ dá wọn dúró bí kò ṣe àìsí epo. Nítorí àwọn ọkọ̀ òfurufú tiwọn gan-an ni ó ti ba ojú irin ilẹ̀ Faransé jẹ́ kí wọ́n tó gúnlẹ̀, kò sí ohun tí ó kù tí bẹntiróòlù, ọta àti oúnjẹ lè gbà dé iwájú ogun ju ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ya ọ̀nà sọ́tọ̀ láti Saint-Lô dé Chartres, tàlọ lọ́tọ̀, tàbọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n fi àmì róbótó pupa sàmì sí i, wọ́n sì pè é ní Red Ball Express.

Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin: nínú awakọ̀ mẹ́rin, bí mẹ́ta ni ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, àwọn tí àwọn ọ̀gá ogun kò fọkàn tán tó láti fi sójú ìjà, tí ó sì wá di pé ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí àwọn tí ń jà wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ọkọ̀ 5,958 ni ó wà lójú ọ̀nà, tí wọ́n kó ohun tí ó lé ní 12,000 tọ́ọ̀nù.

Ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni GMC onítáyà mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ṣe láti ru tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń di tọ́ọ̀nù márùn-ún lé lórí. Ìwúwo a máa tan ojú jẹ: ọta ìbọn ńlá kì í tíì kún inú ọkọ̀ dé ìdajì tí sípírìǹgì yóò ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni àpótí oúnjẹ a ga gègèrè, tí ọkọ̀ yóò máa fì sọ́tùn-ún, fì sósì. Bí ẹrù bá sì sún sẹ́yìn jù, iwájú ọkọ̀ a fúyẹ́, sítíárì a rọ̀ wọ̀jọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, àti níbi tí ọ̀nà gbé yà, ọkọ̀ a máa wá ọ̀nà tààrà wọ inú igbó. Agbára òjò kò ní òun kò ní ilé í wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹrù pàápàá kò ní òun kò ní dojú ọkọ̀ dé, awakọ̀ ni kò ní gbà. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a ti wọ jíà tí ó lágbára kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkè kalẹ̀, nítorí bíréèkì tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ a gbóná, a sì kọ̀ láti mú nígbà tí a fẹ́ ẹ jù.

Àṣẹ ni pé eré kò gbọdọ̀ ju máìlì 25 ní wákàtí kan, kí àlàfo yáàdì 60 sì wà láàárín ọkọ̀ àti ọkọ̀. Àṣẹ rere ni, ẹni tí ó jókòó ti tábìlì ni ó pa á. Àwọn awakọ̀ yọ ohun tí ń ká eré ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kò dànù, nítorí ẹ̀rọ tí a dè lọ́wọ́ kò lè fa tọ́ọ̀nù márùn-ún gun òkè. Eré wá bá ẹrù, ooru bá táyà. Níbi tí táyà méjì gbé jùmọ̀ wà, ti inú a jò kí awakọ̀ tó fura, èkejì a sì dá ru gbogbo ìyà náà. Agolo oúnjẹ tí àwọn sójà fúnra wọn ń jù sójú títì sì ń ge àwọn táyà náà ya. Lóru, iná kótópó tí a bò lójú ni wọ́n fi ń ríran.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀, bátìrì gbẹ sí omíràn, nọ́ọ̀tì tú lára omíràn, kò sì sí ẹni tí ó ráyè wò wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ẹrù tí wọ́n ti kó lé ní 400,000 tọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó sì gúnlẹ̀ ní tuntun ti di ògbólógbòó. Lẹ́yìn ogun, púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ GMC wọ̀nyí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Faransé, àwọn agégẹdú sì tún ń di igi ńláńlá lé wọn lẹ́yìn.