Fọ́tò Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Nílé wa ní Ìkàrẹ́, àpótí kan wà tó kún fún fọ́tò àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá yí ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, ẹ máa rí òǹtẹ̀ búlúù lẹ́yìn: orúkọ ẹni tó yà á àti àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí àwọn fótógíráfà wa ṣe ń ṣe é láyé ìjọ́un nìyẹn. Òǹtẹ̀ yẹn ni ìpolówó wọn, òun náà sì ni ẹ̀rí wọn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ya àwọn òkè Ọ̀kà láàárọ̀ kùtù, nígbà tí kùrukùru ṣì bò wọ́n. Mo kọ orúkọ mi sí igun fọ́tò náà, mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí mo rí i lórí ìwé ìkéde ayẹyẹ kan. Wọ́n ti gé igun yẹn dànù! Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ta ni kò lè kọ orúkọ sí igun fọ́tò. Ìgbà yẹn ló yé mi: fọ́tò orí ẹ̀rọ kò ní ẹ̀yìn tá a lè lu òǹtẹ̀ sí.

Tí kò bá lẹ́yìn, ṣebí ó nínú? Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní Fabriano, nílẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1282, àwọn tó ń ṣe bébà máa ń fi wáyà ṣe àmì sínú ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ bébà. Ibi tí wáyà náà bá wà, bébà á fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, àmì á yọ. Ohun kan náà lẹ ń wá nígbà tẹ́ ẹ bá na owó náírà sókè lójú oòrùn. Watermark nìyẹn.

Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà lásán ni àwòrán. Pixel kọ̀ọ̀kan máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta, láti 0 dé 255. Tí 200 bá di 201, ojú wa ò lè mọ̀. Ní 1993, Tirkel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi àmì pamọ́ síbẹ̀. Àmọ́ tí WhatsApp bá fún fọ́tò náà kéré, àmì yẹn ló kọ́kọ́ ń lọ.

Ní 1997, Ingemar Cox àtàwọn mẹ́ta míì gbé ọgbọ́n míì jáde: ẹ má fi àmì pamọ́ síbi tí kò já mọ́ nǹkan, ẹ fọ́n ọn ká ibi tí ojú nílò jù lọ, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àwòrán jẹ́. Kì í ṣe pé kò ṣeé yọ rárá o; iṣẹ́ olè ló le sí i.

Òfin náà ti dá sí i. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, kò fàyè gba kéèyàn yọ ìsọfúnni tó ń fi ẹni tó niṣẹ́ hàn lórí ẹ̀rọ láìgbàṣẹ.

Ní báyìí, fọ́tò mi kì í jáde nílé láìní àmì nínú, mo sì máa ń tọ́jú ojúlówó rẹ̀. Ní ti àpótí Ìkàrẹ́, mo ti ń gbé àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà. Tí mo bá ya iwájú tán, màá yí i padà, màá ya ẹ̀yìn.