Ẹ̀bùn Ìpàtẹ Sáyẹ́ǹsì: Níbo Ló Ti Wá, Ibo Ló Ń Gbé Ọmọ Lọ?

Àsìkò ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì ti tún dé. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè ní Amẹ́ríkà, oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún ni wọ́n máa ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ wa sì ti gbé pátákó dé ibẹ̀ rí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ìpàtẹ. Inú “pa àtẹ” ló ti jáde. Àtẹ ni ohun pẹrẹsẹ tí ìyá ọlọ́jà máa ń to ata, tòmátì àti àlùbọ́sà sí kí oníbàárà lè rí i. Ọmọ tó lọ sí ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì náà pàtẹ. Ìbéèrè tí ó bèèrè, ìdánwò tí ó ṣe àti àbájáde tí ó rí ni ọjà rẹ̀. Àwọn adájọ́ ni oníbàárà.

Ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, ìpè méjì ló sábà máa ń wà. Ìpè kan wà fún ipò: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Ìpè kejì wà fún ẹ̀bùn àkànṣe àti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, èyí tí àwọn òbí wa mọ̀ sí sìkọ́láṣíìpù. Ìtàn ìpè kejì yìí ni a fẹ́ sọ lónìí: bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan tó gba ẹ̀bùn ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn kò ṣí fún un níbi tó ti gbà á.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1921, E. W. Scripps, ọlọ́rọ̀ kan tó ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Science Service. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti máa kọ ìròyìn nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́nà tí yóò yé gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1928, ẹgbẹ́ mìíràn, American Institute ti ìlú New York, ṣe ìpàtẹ fún àwọn ọmọdé. Láti ìgbà náà ni ó ti ń di àṣà pé kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde kí àgbà wá wò ó.

Ogun ló mú kí owó wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1942, Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, Amẹ́ríkà sì ń wá ọ̀dọ́ tí yóò di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà. Science Service àti ilé-iṣẹ́ Westinghouse, tó ń ṣe ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná, bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n pè ní Science Talent Search. Ẹni méjì ló gba ipò kìíní lọ́dún náà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan: Paul Teschan àti Marina Prajmovsky. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gba dọ́là 2,400.

Ẹ kíyè sí irú owó tí ó jẹ́. Kì í ṣe owó tí ọmọ yóò fi ra kẹ̀kẹ́ tàbí bàtà tuntun. Owó yunifásítì ni. Èrò wọn ni pé tí a bá rí ọmọ tó ní òye, tí òbí rẹ̀ kò sì lówó, òye náà lè ṣòfò. Nítorí náà, kí a wá ọmọ náà rí, kí a sì san owó ọ̀nà fún un. Èrò náà so èso. Leon Cooper, Sheldon Glashow àti Roald Hoffmann wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó yege dé ìpele àṣekágbá ìdíje yìí; àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀bùn Nobel nígbà tí wọ́n dàgbà.

Ní ọdún 1950, Science Service ṣe ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì gbogbo orílẹ̀-èdè fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Philadelphia. Ọmọ 30 ló wá. Láti agbègbè ni wọ́n ti yan àwọn ọmọ náà, ètò yìí náà sì ni a ṣì ń lò: ilé-ẹ̀kọ́ rán ọmọ lọ sí agbègbè, agbègbè rán ọmọ lọ sí iwájú. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1957, ìjọba Soviet fi sátẹ́láìtì Sputnik sí ojú òfurufú. Ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà pé wọ́n ti fi òun sẹ́yìn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ṣe òfin tó pèsè owó fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún 1958 kan náà ni àwọn ọmọ láti ilẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìpàtẹ ńlá náà.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ pé “gbogbo ọmọ”, ṣé gbogbo ọmọ náà ni wọ́n ní lọ́kàn? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Alabama.

Lonnie Johnson àti rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀

Ní ọdún 1949 ni wọ́n bí Lonnie Johnson ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Bàbá rẹ̀ kọ́ òun àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun ìṣeré. Lonnie kò dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ràn láti máa tú nǹkan palẹ̀ kó lè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà kan, ó ń se epo rọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Ohun tó ń sè náà bú gbàmù, díẹ̀ ló kù kí ilé jó. (Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má dán an wò o!) Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Síbẹ̀, ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fún un sọ pé kò lè ṣe ẹnjiníà. Lonnie kò jẹ́ kí ìwé ìdánwò pinnu fún òun. Ó kó irin àlòkù jọ, ó ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọdún kan lọ, ó sì ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tó pè ní Linex. Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú àgbá ló ń mú kí rọ́bọ́ọ̀tì náà mira. Tí ẹ bá ti fún ẹnu bàlúùnù mú rí, tí ẹ wá tú u sílẹ̀ lójijì, ẹ ti mọ agbára tí Lonnie lò: afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ibi tóóró máa ń wá ọ̀nà láti jáde, ó sì lè ti ohun tó bá wà níwájú rẹ̀.

Ní ọdún 1968, ó gbé Linex lọ sí ìdíje kan ní Yunifásítì Alabama. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní JETS ló ṣètò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì ní Nàìjíríà, orúkọ yẹn kò lè ṣàjèjì sí yín. JETS Club wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa nílé náà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí irú ibi tí ó ń lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1963, gómìnà Alabama, George Wallace, dúró sí ẹnu ọ̀nà ní yunifásítì yìí kan náà kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méjì, Vivian Malone àti James Hood, má baà wọlé láti forúkọ sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló dá sí i kí wọ́n tó wọlé. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn èyí ni Lonnie dé pẹ̀lú rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló ti wá, òun nìkan sì ni ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú ìdíje náà.

Òun ló gba ipò kìíní. Wọ́n fún un ní dọ́là 250 àti àwo ìrántí kan. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà, àwọn aṣojú yunifásítì náà kò bá a sọ ohun kan tayọ pé ó dàbọ̀, kí wọ́n rọra wakọ̀ lọ sílé. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó fi irin àlòkù ṣe rọ́bọ́ọ̀tì wà níwájú wọn, wọ́n sì ti gbà pé kò sí ẹni tó jù ú lọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé, “Wá kàwé lọ́dọ̀ wa.”

Ibòmíràn ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Lonnie gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ sí Tuskegee, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1881. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún 1973, ó sì gba oyè kejì ní ọdún 1975. Lẹ́yìn náà, ó bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ṣiṣẹ́, ó sì bá NASA ṣiṣẹ́ lórí Galileo, ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n rán lọ sí Jupiter.

Ní ọdún 1982, ó ń dán ẹ̀rọ kan wò nínú balùwẹ̀ ilé rẹ̀ nígbà tí omi tú jáde pẹ̀lú agbára. Ó ní èyí á dára fún ìbọn omi. Ìbọn omi náà dé ọjà ní ọdún 1990. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ọ́ ní Super Soaker. Bẹ́ẹ̀ ni o, èyí tí ẹ̀ ń fi rin ara yín gbingbin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ra ló ń ti omi rẹ̀ jáde. Irú agbára tó gbé Linex ní ọdún 1968 náà ni.

Ohun tí ẹ̀bùn àkànṣe jẹ́ lónìí

Ìtàn Lonnie kọ́ wa pé ohun méjì ni ẹ̀bùn àti ọ̀nà. Àwo ìrántí máa ń sọ pé ọmọ ṣe dáadáa lánàá. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ máa ń sọ ibi tí yóò sùn, ibi tí yóò jẹun àti ibi tí yóò kàwé lọ́la. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pe ìpè kejì.

Ẹ̀bùn ipò máa ń fi iṣẹ́ ọmọ wé iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn àkànṣe yàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ láti ìta ló máa ń fi sílẹ̀, ohun tí oníkálukú ń wá sì yàtọ̀. Mu Alpha Theta ń wá iṣẹ́ ìṣirò. American Meteorological Society ń wá iṣẹ́ nípa òjò, ìjì àti ojú ọjọ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi àti ti òfurufú náà máa ń fúnni ní ẹ̀bùn. Ọmọ tí kò gba ipò kankan lè gba ẹ̀bùn àkànṣe tó dára, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan ti ń wá kiri.

Ẹ wo Dasia Taylor, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú láti Iowa City. Ó fi oje bíìtìrúùtù pa òwú tí dókítà fi ń rán ojú ọgbẹ́ láró. Awọ ara tó dára máa ń kan díẹ̀, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan tó o. Tí kòkòrò bá wọ ojú ọgbẹ́, ìkan náà á lọ, òwú Dasia á sì yí padà láti pupa sí àwọ̀ elésè àlùkò, kí ènìyàn lè tètè mọ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láti bímọ ní ilẹ̀ tí ilé ìwòsàn ti jìnnà wà lára àwọn tó ní lọ́kàn. Ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn ní ìpàtẹ agbègbè. Ní ọdún 2021, ó wà lára ọmọ 40 tó dé ìpele àṣekágbá Science Talent Search, ìdíje ọdún 1942 yẹn gan-an, tí ilé-iṣẹ́ Regeneron ń náwó sí báyìí. Dọ́là 250,000 ni ẹni kìíní máa ń gbà níbẹ̀. Dasia kò gba ipò kìíní. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi sọrí onímọ̀ Glenn Seaborg ló gbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ díje ló sì máa ń yan ẹni tí wọ́n ń fún.

Ẹ̀yin òbí, tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ yín fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ̀, kí ẹ wá bèèrè ohun mẹ́ta. Ṣé yunifásítì kan ṣoṣo ni a ti lè ná an, àbí ibikíbi? Ṣé ọdún kan ni, àbí títí ọmọ yóò fi parí? Kí ni ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ tún wádìí ṣáájú ọjọ́ ìpàtẹ, nítorí pé àwọn ẹ̀bùn kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ fún. Ẹni tí kò bá kọ orúkọ, adájọ́ kò ní dé ìdí pátákó rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ yìí kò le. Ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín lórí fóònù, kí ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì yín fún wọn ní Yorùbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ìbéèrè mi ni pé…” Ẹ tẹ̀ síwájú: “Ohun tí mo ṣe ni pé…” Ẹ parí rẹ̀ báyìí: “Ohun tí mo rí ni pé…” Tí ó bá yé wọn, yóò yé adájọ́ náà. Ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé wọ́n lè bi yín ní ìbéèrè tí adájọ́ kò rò.

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ọwọ́ yín á tẹ̀ ẹ́.