Pápá Jókòó, Èèyàn Ń Ṣí: Ilẹ̀ Ìgbafẹ́ láti Ìkòyí dé Alímòṣọ́

Ní Amẹ́ríkà, kíláàbù gọ́ọ̀fù mìíràn a máa kó kúrò bí ìlú bá ti ká a mọ́. Ẹgbẹ́ St. Andrew's, tí John Reid àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Yonkers ní 1888, ṣí lọ sínú oko ápù ní 1892 nígbà tí títì tuntun fẹ́ gba ilẹ̀ wọn kọjá. Wọ́n tún ṣí ní 1894. Nígbà tó di 1897, wọ́n dé Hastings-on-Hudson. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé òdìkejì ìtàn yẹn ló wáyé ní Èkó: pápá jókòó, èèyàn ló ń ṣí, ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ sì wà lára ibi tí ẹrù náà sọ̀ sí.

Ètò ìlú tí Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà láyé òyìnbó, fi lélẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Lábẹ́ òfin 1917, ilẹ̀ gbalasa tó fẹ̀ tó yáàdì 440 ni kó pààlà sáàárín ibùgbé òyìnbó àti ti adúláwọ̀. Ibà àti iná ni wọ́n fi ṣàwáwí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, àmọ́ a lè fi ṣe pápá eré. Inú ayé tí ètò yìí dá sílẹ̀ ni Ikoyi Club ti bẹ̀rẹ̀ ní 1938, fún òyìnbó nìkan. Ìyàsọ́tọ̀ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀; pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 kíláàbù náà ṣì wà.

Ẹ wá wo àwọn tó ṣí. Ní 1955 ni LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ìwé tí onímọ̀ àwùjọ Peter Marris kọ nípa wọn ní 1961 fi hàn pé oníṣòwò pàdánù oníbàárà, ẹbí sì jìnnà síra. Ní July 1990, ìjọba ológun wó Màrókò, àdúgbò àwọn tálákà ní Èkó. Kì í ṣe pé apá ìjọba kò ká pápá eré: láwọn ọdún 1970, wọ́n gba pápá ẹṣin Oníkan, wọ́n sì sọ ọ́ di Tafawa Balewa Square.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n lé ló forí lé Ìkọ̀tún ní Alímòṣọ́. Síbẹ̀, ẹni tí owó ilé àárín ìlú ga jù fún ló ń wá ilẹ̀ lọ sí Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò, ní Alímòṣọ́ kan náà. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímòṣọ́. Púlọ́ọ̀tì lórí púlọ́ọ̀tì ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń tà. Ẹni tó ń rà kò lè dá nìkan ra pápá. Lọ́jọ́ Àìkú, òkúta mẹ́rin làwọn ọmọ fi ń ṣe ojúlé bọ́ọ̀lù lójú títì, wọn a sì kó wọn kúrò bí kẹ̀kẹ́ Màrúwá bá ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 a máa gbà tó hẹ́kítà 50, ìyẹn nǹkan bí àádọ́rin pápá bọ́ọ̀lù.

Àwọn kan á ní ohun ìní aládàáni kò kan aráàlú. Òfin Ilẹ̀ 1978 kò fara mọ́ ọn: ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, fún àǹfààní gbogbo wa. Bí òfin ṣe lè dáàbò bo koríko Ìkòyí, ó lè dáàbò bo ti Ìgándò. Kí àwọn káńsù Alímòṣọ́ wọn ilẹ̀ òfìfo tó kù, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí pápá aráàlú, kí òfin sì ka títà rẹ̀ léèwọ̀. Ẹ̀tọ́ ni pápá jẹ́ fún ọmọ tálákà.