Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Òǹkọ̀wé ní Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Kùmásì

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní yunifásítì ní Kùmásì, olú-ìlú Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Gánà, kò ní bá gbogbo rẹ̀ lójú kan. Díẹ̀ wà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ nípa ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀. Ibi tó ti jinlẹ̀ jù lọ ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọnà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí ìwé àfọwọ́kọ ṣe ń di ìwé tó ṣeé tà lọ́jà.

Kí yunifásítì tó dé ni ìwé kíkọ ti níyì nílùú náà. Ọba Prempeh Kìíní, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó nígbèkùn lọ ní 1896, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkọsílẹ̀ ìtàn àwọn ọba Àṣáńtì ní 1907 nígbà tó wà ní erékùṣù Seychelles. Ọdún 2003 ni ìwé náà tó jáde ní títẹ̀. Ní 1924, ọdún tí ọba náà padà sílé, Wesley College ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣílẹ̀kùn ní Kùmásì láti máa kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe tíṣà. Nígbà tó di 1939, John Tsiboe dá ìwé ìròyìn Ashanti Pioneer sílẹ̀ níbẹ̀, ìwé ìròyìn tí ìjọba Ààrẹ Kwame Nkrumah tì pa ní 1962. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà: á kọ ọ́, olóòtú á gé e, á tún un kọ.

Yunifásítì tó tóbi jù níbẹ̀, Kwame Nkrumah University of Science and Technology, tí gbogbo ayé ń pè ní KNUST, ni òfin dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1951 gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀-ẹ̀rọ. Orí ilẹ̀ tí Ọba Prempeh Kejì yọ̀ǹda ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1952, akẹ́kọ̀ọ́ 200 tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n kó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Achimota, ni wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀. Ó di yunifásítì ní 1961.

Ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ KNUST, ìbáà ṣe ẹni tó fẹ́ di dókítà tàbí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ni Communication Skills, tí wọ́n ń ṣe ní ọdún kìíní. Àwọn tó kàwé ní Nàìjíríà mọ ẹgbẹ́ rẹ̀: òun ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n mọ̀ sí Use of English lábẹ́ GST (àwọn ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) lọ́dọ̀ tiwa. Irú ẹ̀kọ́ yìí gbilẹ̀ ní àwọn yunifásítì Gánà láàárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àkọsílẹ̀ sínú ìwé lásìkò tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ìpínrọ̀ tó dúró lórí kókó kan, bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìjábọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí ìwé tí wọ́n ti yá ọ̀rọ̀. Ohun tó ń bá a fínra ni pé èrò ti pọ̀ jù. Èèyàn kì í mọ ìwé í kọ àyàfi tí ẹnì kan bá ka ohun tó kọ, tó sì dá a padà pẹ̀lú àmì pẹ́ẹ̀nì lára rẹ̀. Olùkọ́ kan tó dojú kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, ìwé kíkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn. Gbólóhùn bíi "Kọnkéré náà lágbára dáadáa" kò wúlò fún ẹni tó máa fi kọ́ afárá. Ohun tó fẹ́ kà ni iye kíúbù tí wọ́n fọ́, bí omi àti sìmẹ́ńtì ṣe pọ̀ tó nínú àpòpọ̀ náà, ìwọ̀n ẹrù tí kíúbù kọ̀ọ̀kan gbé kó tó fọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, nítorí ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ irú èyí nínú ìjábọ̀ yàrá àyẹ̀wò, nínú ìjábọ̀ ìgbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, àti nínú iṣẹ́ àṣekágbá. Bákan náà ló rí ní Kumasi Technical University, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tó sì di yunifásítì ní 2016.

Ìtàn àròsọ àti ewì ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Iowa ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ láti 1936. Ní Bìrìtìkó, Yunifásítì East Anglia bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1970. Ní Gánà, Efua Sutherland, òǹkọ̀wé eré onítàgé, ló ṣíwájú nínú kíkó àwọn òǹkọ̀wé jọ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn, àmọ́ Àkìrà ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Kùmásì ní tirẹ̀ ń bí òǹkọ̀wé, ó sì ń gbà wọ́n lálejò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Kojo Laing, tó kọ Search Sweet Country ní 1986. Ibẹ̀ ni Peggy Appiah, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ọmọ Àṣáńtì, gbé tó fi kọ ìtàn aláǹtakùn Ànáńsè fún àwọn ọmọdé, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 2006.

Nínú àwọn òǹkọ̀wé tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Kùmásì, àpẹẹrẹ tó dára jù ni Meshack Asare. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní KNUST, kì í ṣe lítíréṣọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ ìtàn, tó tún ń ya àwòrán rẹ̀. Ìwé rẹ̀ The Brassman's Secret, tó jáde ní 1981, dá lórí ère idẹ kékeré tí àwọn Àṣáńtì fi ń wọn wúrà. Ó gba ẹ̀bùn Noma, ti àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Áfíríkà, ní 1982. Ní 2015, ó gba ẹ̀bùn NSK Neustadt fún lítíréṣọ̀ ọmọdé.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé inú kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọnà kan náà ni ẹ̀ka ìtẹ̀wé, tí wọ́n ń pè ní Publishing Studies, ti gbèrú. Book Industry ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, orúkọ yẹn sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dojú kọ iṣẹ́ olóòtú, tàbí ìyàwòrán àti ìṣètò ojú-ìwé, tàbí ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Àwọn ohun tí òǹkàwé kì í rí ló ń gba ọgbọ́n jù níbẹ̀. Fún ìdìpọ̀ olójú-ìwé 16, ojú-ìwé 1 àti 16 ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tákàdá ńlá, 8 àti 9 sì máa wà papọ̀; ẹni tó bá tò wọ́n bí ẹni ń ka ení, èjì, ìwé rẹ̀ á dàrú bí wọ́n bá ti ká tákàdá náà. Ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí á mọ ìdí tí olóòtú fi ń bẹ òǹkọ̀wé pé kó gé ìpínrọ̀ kan kúrò.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì gba iwájú nínú gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ Twi, èdè Akan tí wọ́n ń sọ ní Kùmásì, ni wọ́n ń fi ná ọjà ní Kejetia, òun náà sì ni wọ́n ń fi dájọ́ ní ààfin Manhyia. Ènìyàn lè kọ́ èdè Akan gboyè ní KNUST. Peggy Appiah àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sì kó òwe Akan tó lé ní 7,000 jọ sínú ìwé Bu Me Bɛ, ìṣúra tó tó fi kọ́ òǹkọ̀wé Twi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó kù ni kí àwọn tó mọ èdè náà àti àwọn tó mọ ìwé í ṣe jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá náà. Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó ní yunifásítì tó ní ẹ̀ka èdè Yorùbá àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà nínú ọgbà kan náà. Kí àwọn aláṣẹ wọn rán olùkọ́ lọ sí Kùmásì, kí wọ́n lọ wo bí ẹ̀ka ìtẹ̀wé náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé Yorùbá.