Láti Oslo dé Accra: Ìtàn ọgbọ́n 'ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn' tí kọ̀ǹpútà kékeré fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá

Ní oṣù Keje ọdún 2021, àwọn olùwádìí iléeṣẹ́ Google nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, gbé àkójọ dátà kan tí wọ́n pè ní Open Buildings jáde.

Àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ṣe é, ilé mílíọ̀nù 516 nílẹ̀ Áfíríkà ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó fẹ́ mọ iye ilé tó wà níbi tí omíyalé ti ń ṣọṣẹ́ lè lò ó, ẹni tó ń ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára náà lè lò ó.

Àmọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní kí kọ̀ǹpútà alágbèéká òun kó gbogbo ilé náà sórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́mórì rẹ̀ yóò kún, iṣẹ́ á sì dúró.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bọ́ nínú wàhálà yìí ti wà kí Google tó dáyé. Iterator ni wọ́n ń pè é.

Kí ni iterator?

Ẹ wo àwọn lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á máa fi búlọ́ọ̀kù lé ara wọn lọ́wọ́. Bíríkìlà tó wà lókè á pariwo pé "òmíràn dà?", ọ̀kan á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tó gbé ju búlọ́ọ̀kù kan lọ lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ilé ń ga.

Bí iterator ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó mọ ibi tí iṣẹ́ dé, ó sì ń mú èyí tó kàn wá kìkì ìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ní àwọn ọdún 1960, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe èdè kọ̀ǹpútà Simula ní Oslo, olú ìlú Norway. Níbẹ̀ ni àṣà dídi dátà àti iṣẹ́ tí dátà náà lè ṣe pọ̀ sójú kan ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n dì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní object.

Lọ́dún 1973, ní Bell Labs lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Ken Thompson fi èrò tí Doug McIlroy dá kún Unix: kí èsì ètò kan máa ṣàn wọ inú òmíràn bí omi nínú páìpù.

Láàrin àwọn ọdún 1970 yẹn náà ni Barbara Liskov àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní MIT ṣe èdè CLU, tí wọ́n sì fi iterator sínú rẹ̀. Liskov gba àmì ẹ̀yẹ Turing ti ọdún 2008.

Lọ́dún 1994, ìwé Design Patterns ka Iterator mọ́ ọgbọ́n 23 tó yẹ kí ẹni tó ń lo object mọ̀. Python gbà á wọlé lọ́dún 2001. Lọ́dún 2014, Java náà mú ọ̀nà tirẹ̀ láti so iṣẹ́ mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n wá.

Kí ló kan Accra?

Lọ́dún 1991, tí Python kọ́kọ́ jáde, ni Herman Chinery-Hesse àti ẹnìkejì rẹ̀ dá iléeṣẹ́ SOFTtribe sílẹ̀ ní Accra.

Chinery-Hesse, tó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, gbàgbọ́ pé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣe fún Áfíríkà gbọ́dọ̀ lè fara da iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn ará Ghana ń pè ní dumsor, àti ẹ̀rọ tí kò lágbára.

Kì í ṣe iterator ló ń sọ, ṣùgbọ́n àìní ló bí èrò méjèèjì: kí ètò mọ ìwọ̀n ẹ̀rọ tó gbé e.

Lọ́dún 2002, Patrick Awuah dá fásitì Ashesi sílẹ̀ ní Accra, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìlú náà ló gbàlejò PyCon Africa àkọ́kọ́, ìpàdé àwọn tó ń lo Python káàkiri Áfíríkà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?

Nínú Python, iṣẹ́ méjì ni object gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe kó tó jẹ́ iterator. Èkíní ni __iter__, tó ń fi í hàn pé ó ṣe é rìn jálẹ̀. Èkejì ni __next__, tó ń mú èyí tó kàn wá, tó sì ń kéde nígbà tí ó bá tán.

Láti so iṣẹ́ mọ́ra, ìpele kọ̀ọ̀kan á gba iterator tó wà níwájú rẹ̀, á sì dá iterator tuntun padà.

Fún ilé Accra, ìpele kìíní lè yọ àwọn ilé tí ìdánilójú wọn kò tó 0.75, nítorí Open Buildings fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì ìdánilójú. Ìpele kejì á fi kìkì àwọn tó fẹ̀ ju mítà 100 níbùú lóròó lọ sílẹ̀. Ìpele kẹta á mú ìwọ̀n wọn jáde.

Kò sí ìpele tó máa mira títí ẹni tó wà lópin yóò fi béèrè. Ilé kan á la gbogbo rẹ̀ kọjá kí òmíràn tó wọlé.

Ètò ìpele náà ṣe pàtàkì. Èyí tó ń yọ ohun tó pọ̀ jù dànù ló yẹ kó ṣáájú, kí iṣẹ́ tó gba agbára má baà ṣòfò.

Ibo ni ewu wà?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iterator ń rìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ka iye ilé tán, tó sì tún bi í ní àpapọ̀ ìwọ̀n wọn, 0 ni yóò dáhùn. Kò ní sí ìkìlọ̀ kankan.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí orísun dátà yàtọ̀ sí ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀. Orísun á dúró síbi kan, á sì máa yan arìnrìnàjò tuntun nígbàkígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, omíyalé àti iná tó sọ níléepo pa ènìyàn tó lé ní 150 ní Accra. Nílùú bẹ́ẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó bá sọ pé ilé 0 ló wà lójú ọ̀nà omi lè ná ìlú ní ẹ̀mí.