Ìròyìn Tó Dùn Mọ́ni: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ikú Adégòkè Adélabú, 1958

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fà yọ ni pé ẹnu ẹni tí a fọkàn tán ni irọ́ òṣèlú sábà máa ń gbà wọlé sí wa lára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1958 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, Adégòkè Adélabú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ nítòsí Òde-Rẹ́mọ, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 42 ni. Òun ni olórí alátakò nínú Ilé Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, òun náà sì ni òpó ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ tó ń bá NCNC ṣe àjọṣe. Láìpẹ́, ìròyìn gba ìlú kan pé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ló pa á. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń wá àwọn Ọlọ́pẹ kiri. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá bàjẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n gbà á gbọ́? Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tó ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀ mu. Ní 1956, lẹ́yìn ìwádìí Nicholson, Adélabú ti pàdánù ipò alága ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Action Group. Ilẹ̀ Rẹ́mọ tí jàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀ sì ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wá. Òótọ́ ni ìbínú náà, òótọ́ ni ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹ̀sùn ìpànìyàn nìkan ni kò ní ẹ̀rí. Ní agboolé tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe ẹgbẹ́ kan náà, ta ni yóò béèrè pé, "Ta ló rí i?" Ẹni tó bá béèrè, Ọlọ́pẹ ni wọn yóò pè é.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá mi ní Ìbàdàn nígbà náà. Títí ó fi kú ló ń sọ pé wọ́n pa Adélabú ni. Èmi náà sì fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún bíi mélòó kan kí n tó jókòó ti ìtàn náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé ló fà á. Ní bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Àbújá níhìn-ín. Ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lò ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú. Ìjọba kò sọ àìsàn tó ń ṣe é. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri pé ó ti kú, pé ará Sùdáànì kan tó ń jẹ́ Jubril ló wà ní Aso Rock. Ọ̀rọ̀ náà ràn débi pé, ní oṣù Kejìlá 2018, Ààrẹ fúnra rẹ̀ ní láti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Pólándì pé òun gan-an ni. Orí fóònù àwọn olùkọ́ bíi tèmi ni mo ti kọ́kọ́ rí ìròyìn yìí.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo dábàá fún kíláàsì wa: Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i? Kí ni àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ? Bó bá jẹ́ ẹni tiwa ni wọ́n sọ irú rẹ̀ nípa rẹ̀, ṣé a óò gbà á láìwádìí? Ìròyìn tó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ni kí ó kọ́kọ́ fi wọ́n yẹ̀ wò, kó tó kan ti alátakò.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni èmi ti bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn, nítorí ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pe òkú lópùrọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò purọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló gbà gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwa olùkọ́ wà.